Ẹ Dá Páànù Yín Padà Sórí Ilé: Òfin Síńkì Tuntun ní Òkúta-Méjì

Gbàgà! Gbàgà! Ẹ gbọ́ o, ará Òkúta-Méjì! Ẹ gbọ́, ẹ tún un gbọ́, kí ẹ sì gbọ́ ọ dópin lọ́tẹ̀ yìí! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń dirun, kó di orí oníbàárà rẹ̀ mú, kó má sáré. Ẹni tó wà lórí òrùlé, kó sọ̀kalẹ̀. Mo tún un wí! Ẹni tó wà lórí òrùlé, kó sọ̀kalẹ̀, kó fi páànù tó ń tú sílẹ̀!

Èmi Jinádù akéde ni. Ohùn Baálẹ̀ Adéṣọkàn ni ẹ ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó wà nínú ìkéde tòní, tèmi ni. Baálẹ̀ ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bi náà, tèmi ni!

Ìkéde tí mo ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a ti wọ́gi lé e. Èyí tí mo fi ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gé páànù sínú ìkòkò ọbẹ̀, a ti wọ́gi lé e pátápátá! Ẹ yọ páànù kúrò nínú ọbẹ̀! Ẹ da ọbẹ̀ náà nù! Ajá pàápàá, ẹ má fún un jẹ.

Kí n tó ka òfin tuntun, Baálẹ̀ ní mo gbọ́dọ̀ ro bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan pamọ́, títí kan èyí tó kan òun fúnra òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fo ibì kan. Ó ní rárá. Nítorí náà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ rántí ìpàdé ìlú tó wáyé nígbà ìkórè iṣu. Ẹ rántí pé Baálẹ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà odò. Ẹ rántí ohùn mìíràn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí Baálẹ̀ tó la ẹnu. Ẹ má díbọ́n! Ẹ rántí! Àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà ló fà á. Baálẹ̀ ti jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀wà náà kò sì mọ̀ pé ìpàdé ń bẹ. Bí baba wa ṣe délé lọ́jọ́ náà, ó búra pé ẹ̀wà kò tún ní wọ ẹnu òun mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹran ńkọ́? Eyín ni. Eyín iwájú méjì ló ń mì lẹ́nu Baálẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á bọ́ sínú àwo níwájú àwọn ìyàwó rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹran wá, á ní ẹran kì í ṣe oúnjẹ àgbà. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀pà wá, á ní ọwọ́ òun dí. Wọ́n se ẹ̀gúsí, ó ní kí wọ́n gbé e fún àlejò. Kò sì sí àlejò kankan nílé. Bẹ́ẹ̀ ni baba ńlá, olórí ìlú, ṣe di ẹni tó ń fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún odindi oṣù mẹ́rin.

Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ kọṣẹ́. Ohunkóhun tó bá jẹ, kò mọ adùn rẹ̀ mọ́. Ó pe ìyáálé rẹ̀, Ìyá Ṣùbúọlá, ó ní kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Ìyá Ṣùbúọlá ní, "Olówó orí mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bu iyọ̀ sí i. Tí mo bá tún bù ú, omi òkun la ó máa jẹ."

Baálẹ̀ ní, "Bí ẹni ń jẹ pákó ni. A jẹ́ pé iyọ̀ náà ni kò dára."

Ibẹ̀ ni òfin iyọ̀ ti wá. Ẹ rántí òfin iyọ̀! Èmi náà ni mo kéde rẹ̀: iyọ̀ tí kò bá dùn bí iyọ̀, kó máa bọ̀ ní àtìmọ́lé! Ẹ̀yin náà, ẹ kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ẹ ru iyọ̀ yín wá. Àpò iyọ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà ní àtìmọ́lé lẹ́yìn ilé Baálẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ewúrẹ́ ti lá méjì tán nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ egbò dé. Baálẹ̀ ń ro ẹ̀bá ilé, ọkọ́ fi ẹnu bà á lójúgun. Egbò kékeré, kò tó ìka ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò jinná. Ọ̀sẹ̀ keje kọjá, kò jinná. Irun orí rẹ̀ sì ń bọ́ sínú fìlà. Ìyá Ṣùbúọlá ló ń wẹ egbò náà lójoojúmọ́, òun nìkan ló sì mọ̀ bó ti ń rí. Ẹ̀rù bà á. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó lọ pe Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ wá.

Gbogbo yín ló mọ Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀, obìnrin kúkúrú tó máa ń rìn bíi pé òjò ń lé e bọ̀. Ó kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lórí ìka Baálẹ̀, ó wò ó bóyá àtọ̀gbẹ ni. Kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, kí lẹ ń jẹ?" Baálẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Ṣùbúọlá ló dáhùn: "Ẹ̀bà àti omi, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀bà àti omi."

Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní, "Bàbá, ó jọ pé síńkì kò tó lára yín."

Ẹnu ọ̀nà ni èmi Jinádù dúró sí. Mo gbọ́ "síńkì kò tó". N kò dúró gbọ́ èyí tó kù! Ará ìlú, ẹ bá mi rò ó. Kí ni àwọn baba wa ń pe páànù òrùlé? Síńkì! Ilé ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi síńkì bò ní ìlú yìí? Ilé bàbá Baálẹ̀! Mo gbé ojú sókè, mo rí páànù tó ti dípẹtà lórí ilé náà. Mo ní, "Áà! Òótọ́ mà ni." Mo gbé agogo, mo bọ́ síta.

Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo tún un wí, ẹnikẹ́ni kò rán mi! Ẹnu ara mi ni mo fi ṣòfin lọ́jọ́ náà, tí mo ní Baálẹ̀ ló sọ ọ́. Mo ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gé síńkì tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sè é mọ́ ọbẹ̀. Mo ní kí aláìsàn mu omi rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ gun òrùlé bí ọ̀bọ! Káfíńtà Látúndé ló ń bá yín gé e kiri, tó ń sọ pé páànù tó bá ti gbó ló ń mú ọbẹ̀ dùn jù. Agboolé Ẹlẹ́kù ní ọbẹ̀ wọn kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Agboolé Ẹlẹ́kù nìkan ni mo dárúkọ. Alàgbà Fálolú gé páànù ọbẹ̀ mẹ́fà lórí yàrá kan ṣoṣo. Nígbà tí òjò ọ̀sán ọjọ́ Àìkú dé, abẹ́ agbòòrùn ló ti jẹun nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ẹ mọ Sìfáwù, àbíkẹ́yìn mi, tó ń gbé nítòsí kànga. Ẹ mọ ọmọ rẹ̀, Kúdíráátù, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Sìfáwù ṣe ohun tó tọ́: ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó mọ́, ó sì fún un ní oògùn wẹ́wẹ́ funfun. Ó ní, "Síńkì lèyí. Ẹyọ kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ìgbẹ́ náà bá tiẹ̀ dá, ìwọ má dá oògùn dúró."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ń kéde kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ó pọn ọmọ jáde, oògùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, nọ́ọ̀sì ní síńkì nìyí o."

Mo fi í rẹ́rìn-ín, lójú títì, níwájú àwọn tó ń pọnmi. Mo ní, "Sìfáwù, ìwọ náà wò ó. Ṣé páànù rèé? Ẹfun ni wọ́n dì fún ọ. Lọ se síńkì gidi fún ọmọ."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ ni mí, èmi náà sì ni ohùn Baálẹ̀. Ó gbé oògùn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìyẹ̀fun náà tì í. Ó já páànù lára ilé ewúrẹ́, ó sè é, ó fi omi rẹ̀ fún ọmọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ ń bì. Ọjọ́ Àìkú, nínú òjò yẹn, Sìfáwù gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú ọmọ ti wọnú. Ètè rẹ̀ gbẹ.

Sìfáwù ní, "Bàbá, ó ń sunkún, kò sí omi lójú rẹ̀."

Mo gba ọmọ, mo sáré. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi lọ́jọ́ náà láìdé fìlà, tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé, ilé ìwòsàn ni mo ń sá lọ.

Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀; awọ náà pẹ́ kó tó padà. Ó ní, "Kí lẹ fún un?"

Mo ní, "Síńkì."

"Oògùn tí mo fún un dà?"

Sìfáwù wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá ní ẹfun ni."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà sínú ife, ó fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ṣíbí kan. Ẹ dúró díẹ̀. Ṣíbí mìíràn. Tó bá bì í, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó. Ṣíbí kan. Ṣíbí mìíràn. Ó bì í. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Òjò dá, oòrùn yọ díẹ̀, ṣíbí kò dúró. Sìfáwù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́, nǹkan kan tó lọ́wọ́ọ́rọ́ tú sí mi lẹ́sẹ̀. Kúdíráátù ti tọ̀ sí mi lára! Ó tọ̀ sí dàńṣíkí mi tuntun, ó sì rin gbingbin! Ará ìlú, mo ti dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkómọ, mo ti jẹ oúnjẹ oyè, n kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi bí ìtọ̀ yẹn láyé. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi ti ń padà sára rẹ̀."

Ìgbà náà ló tó jókòó tì mí, tó là mí lóye. Ó ní òótọ́ ni pé síńkì wà lára páànù. Wọ́n fi kùn ún kó má bàa dípẹtà ni. Ṣùgbọ́n irú èyí tí ara ń fẹ́, inú oúnjẹ ló wà, bíńtín sì ni. Ó ní, "Bàbá Sìfáwù, irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ṣé ẹ ti wá gbé ọkọ́ mì?" Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má dáhùn o!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Mo gbé agogo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó gbà á. Baálẹ̀ ní, "Jinádù, ìwọ gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, o sọ odindi. Èmi mọ odindi, n kò sọ rárá. Ká ní mo sọ fún ìyàwó mi pé eyín ń dùn mí ni, ṣé a ó bá ara wa níbí?" Ó la ẹnu, ó fi eyín méjèèjì hàn Ìyá Ṣùbúọlá. Ìyá Ṣùbúọlá wò wọ́n, ó ní, "Ṣé nítorí èyí náà ni? Ó ti lé lọ́dún tí mo ti mọ̀." Ó wọlé lọ, ó gún ẹran kúnná nínú odó, ó dà á mọ́ ẹ̀wà tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Baálẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun kò tíì mọ adùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò lè jẹ́ lọ́jọ́ kan. Kó máa jẹ ẹ́ lọ, kó sì jẹ́ kí òun máa wo egbò náà.

Ó dáa! Òfin nìyí! Ẹ tẹ́tí, ẹ gbọ́!

Òfin kìíní. Gbogbo páànù, ẹ dá a padà sórí ilé! Ẹni tí a bá tún bá páànù nínú ọbẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di òrùlé. Yóò na ọwọ́ méjèèjì nínú òjò kan gbáko, ewúrẹ́ Baálẹ̀ yóò sì dúró sábẹ́ rẹ̀!

Òfin kejì. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa jẹ oúnjẹ tí síńkì wà nínú rẹ̀. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹja, akàn odò wa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ẹran, kó jẹ ẹ̀wà, kó jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ̀gúsí, kó jẹ yànmọtí. Ẹ máa rẹ ẹ̀wà sómi kí ẹ tó sè é. Ẹ jẹ́ kí ògì kan dáadáa. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ló ń tú síńkì sílẹ̀ fún ara. Ara kò ní abà tó ń kó síńkì pamọ́ sí. Àná kò tó fún òní! Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ, tiyín gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ẹ̀yin baba, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Baba tó bá kó ẹran mẹ́ta sẹ́nu, tó sọ egungun fún ọmọ pé kó máa lá a, yóò jókòó ní kíláàsì kìíní ilé ẹ̀kọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́ta, lórí ìjókòó àwọn ọmọdé, yóò máa ka A, B, D!

Òfin kẹta. Ẹ̀wà ti di òfin. Nítorí náà, ohùn ẹ̀wà ti bọ́ sábẹ́ ààbò òfin. Bí ohùn bá jáde lára ẹnikẹ́ni níbi ìpàdé, gbogbo wa yóò wo òkè, bí ẹni pé a gbọ́ ẹyẹ. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún méjìlá sétí ìlú, láìmu omi!

Òfin kẹrin. Ẹ má torí èyí máa gbé oògùn síńkì mì ní ẹ̀kúnwọ́ o! Tó bá pọ̀ jù, á máa rú inú, á sì dín bàbà kù lára. Bàbà o! Bàbà tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́! Kì í ṣe bàbá. Mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta.

Òfin karùn-ún. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú, ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kíákíá. Omi iyọ̀ àti ṣúgà, ẹ fún un. Oògùn síńkì, ẹ fún un pé iye ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá kà. Ọmú, ẹ má gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òfin yìí kò ní ìjìyà. Mo ti rí ìjìyà rẹ̀ lójú Sìfáwù.

Òfin kẹfà. A dá iyọ̀ sílẹ̀! Àpò mẹ́tàdínlógún, ẹ wá kó o. Àwọn méjì tí ewúrẹ́ lá, olúkálukú kó lọ bá ewúrẹ́ rò ó.

Ìjìyà tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, èmi ni n ó gun gbogbo òrùlé tí mo bà jẹ́, tí n ó máa kan páànù padà, Káfíńtà Látúndé yóò sì máa di àkàbà mú fún mi láìgba nǹkan kan. Láti òní lọ, n kò gbọ́dọ̀ lu agogo lórí ọ̀rọ̀ ìlera àfi tí mo bá kọ́kọ́ kà á sétí nọ́ọ̀sì, tó sì mi orí sí i pé ó tọ́.

Baálẹ̀ ní ibi tó bá wù mí ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Sìfáwù ni mo kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ yìí. Láti ilé ìwòsàn, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó gbé Kúdíráátù lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà di irùngbọ̀n mi mú, ó fà á bí ẹni fa okùn kànga. Sìfáwù wọlé, ó gbé oògùn náà wá, ó nà án sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí n gbọ́."

Mo kà á. Mo kà á dé òpin, títí kan lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Ó bu omi sínú ṣíbí, ó rẹ ẹyọ kan sínú rẹ̀, ó sì ní kí èmi fún ọmọ náà. Kúdíráátù gbé e mì, ó fajú ro sí gbogbo wa. Sìfáwù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wọlé, Bàbá, oúnjẹ wà."

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn, bí Baálẹ̀ ti ní kí n sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Àdúgbò kànga ti gbọ́, mo ń kọjá sí Òkè Ọ̀pẹ. Ọlọ́run kó má ṣe jẹ́ kí adùn kúrò lẹ́nu wa! Gbàgà!